Odò-Ilé Màmá Abọ́sẹ̀dé

Ewé méje péré ló kù lórí rẹ̀. Màmá Abọ́sẹ̀dé kà á lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ojú àgbà a máa tan àgbà jẹ, ṣùgbọ́n méje náà ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mẹ́sàn-án ni. Igi ewéko náà gùn gbọọrọ, ó tín-ín-rín, ó na ọrùn sókè nínú omi bí ẹni tó ń wá ojúlùmọ̀ láàárín èrò. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti pá. Ewéko tí wọ́n ní ó máa ń di igbó nílé, tí ẹja ń fara pa mọ́ sínú rẹ̀ tí wọn kì í rí i mú, òun náà ló di ọ̀pá lásán yìí.

Ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Òkè-Ìràwọ̀ ni orúkọ ìlú náà. Kò sí lórí ilẹ̀, kò sì sí lórí omi. Ojú sánmà ló wà, ó rí roboto bí òrùka, ó ń yí ayé po, ẹgbàajì ènìyàn ló sì ń gbé inú rẹ̀. Ọmọ Èbúté-Ọ̀sìn ni gbogbo wọn, ìlú apẹja kan tí òkun gbé mì ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí omi dé ojú fèrèsé ilé ìjọsìn, tí ó sì hàn pé kò ní padà sẹ́yìn, ìjọba kó àwọn ará ìlú sínú ọkọ̀ àsánmà, wọ́n ní kí wọ́n lọ máa gbé lókè fún ìgbà díẹ̀, títí ilẹ̀ yóò fi yọ jáde. Ilẹ̀ kò yọ mọ́. Ẹ̀yin náà mọ ìjọba, bí wọ́n bá ti ní fún ìgbà díẹ̀, kí ènìyàn tètè wá ẹní tẹ́.

Ẹrù kan ṣoṣo ni wọ́n gba ẹnì kọ̀ọ̀kan láàyè láti gbé. Ẹlòmíràn gbé Bíbélì, ẹlòmíràn gbé àwòrán òbí rẹ̀, ọkùnrin kan tilẹ̀ gbé ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Ìyá Abọ́sẹ̀dé ní tirẹ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì omi kan, ó sì fi igi ewé èbúté kan sínú rẹ̀. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀. Wọ́n ní ẹni tí omi lé kúrò nílé, ó tún gbé omi dání. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Abọ́sẹ̀dé nígbà náà, ojú sì tì í gan-an. Lónìí ó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, òun nìkan ló sì kù nínú àwọn tó jókòó ti kẹ́ẹ̀gì náà nínú ọkọ̀.

Omi inú kẹ́ẹ̀gì yẹn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ odò-ilé. Àpótí dígí ni odò-ilé, ó gùn tó ibùsùn, ó wà ní pálọ̀ Màmá Abọ́sẹ̀dé, ó gba omi ogún garawa. Kò sí irú rẹ̀ mọ́ ní gbogbo ìlú. Ní Òkè-Ìràwọ̀, gbogbo ènìyàn ló ni omi. Èyí tí o fi wẹ̀ lónìí, ẹ̀rọ yóò fọ̀ ọ́ mọ́, ẹlòmíràn yóò sì fi se ìrẹsì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Òfin ò gbà kí ilé kankan ní ju garawa méjì lọ. Odò-ilé nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn kan: níwọ̀n ìgbà tí ohun alààyè láti Èbúté-Ọ̀sìn bá ṣì wà nínú rẹ̀ ni o. Bí ewé náà bá kú, omi náà yóò wọ inú ọ̀pá omi ìlú, ohun tó kù nínú omi ilé baba wọn yóò di omi ìfọṣọ. Màmá Abọ́sẹ̀dé ti fi ọwọ́ ìyá rẹ̀ sínú ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá náà ń kú lọ, ó ní kò ní ṣẹlẹ̀ lójú òun.

Nǹkan kan tún kù. Ní ọdún kìíní tí wọ́n dé òkè, èémí tí àwọn ènìyàn ń mí sóde kò rí ibi lọ, ó kó jọ sínú ilé, ó sì pa ènìyàn mọ́kànlélógójì sójú oorun. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ṣe asẹ́-èémí, ẹ̀rọ kan tó wà lára àjà gbogbo ilé, tó ń sẹ́ èémí àlòkù kúrò, tó sì ń dún wùùù tọ̀sán tòru. Kò sí ẹni tó ń pa asẹ́. Ìtìjú rẹ̀ ju ti olè lọ. Àwọn ará ìlú tilẹ̀ sọ ọ́ di ìkíni, bí ẹnì kan bá pàdé ẹnì kejì lọ́nà, yóò ní, “Ṣé asẹ́ ń dún?”, èkejì yóò ní, “Ó ń dún dáadáa.” Àlàáfíà ni wọ́n ń béèrè.

Ìbíyẹmí wọlé láàárọ̀ ọjọ́ tí ewé ku méje náà, ó kúnlẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, Màmá.”

“Káàárọ̀, Ìbí mi. Ṣé asẹ́ ń dún nílé?”

“Ó ń dún, Màmá.”

Ọmọ ọmọ Màmá ni Ìbíyẹmí, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ọ̀gá kékeré ni ní Ilé Ìwádìí Ewéko. Ọ̀dọ̀ Màmá ló ti dàgbà lẹ́yìn tí àwọn òbí rẹ̀ ti kú, ìdí odò-ilé yìí ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kàwé. Ìwé pọ̀ lórí rẹ̀. Kì í ṣe agbéraga, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti ń mọ ìdáhùn láti kékeré, ó máa ń pẹ́ kí ó tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè.

Ó yọ nǹkan méjì jáde nínú àpò. Èkíní ni oòrùn-inú-ìgò, iná kan tó funfun bí ọ̀sán gangan. Èkejì ni àgbo-ewé, omi pupa rúsúrúsú tí wọ́n fi gbogbo oúnjẹ tí ewéko ń rí nínú ilẹ̀ pò.

“Ìmọ́lẹ̀ ni ò tó, Màmá. Ìdí nìyẹn tó fi ń na ọrùn. Bí a bá fún un ní oòrùn, tí a fún un lágbo, á ya ẹ̀ka, á kún.”

“Abẹ́ afárá ló ń hù nílé o. Òjìji ló wà. Oòrùn wo ló rí níbẹ̀?”

“Ilé yàtọ̀ síbí, Màmá.”

“Ó dáa. Ìwọ lo kàwé.”

Bí àgbà bá sọ fún ọ pé ìwọ lo kàwé, má rò pé ó ti gbà fún ọ.

Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ara dígí odò-ilé kún fún nǹkan aláwọ̀ ewé kan tó ń yọ̀ bí ilá. Ó bo yanrìn, ó bo igi, ó bo àwọn ewé fúnra wọn. Wọ́n sè fún ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, kò lè jẹun, ẹni tí wọn kò pè ló wá jókòó ti àwo. Màmá àti Ìbíyẹmí fi kànrìnkàn nu dígí náà fún ọjọ́ mẹ́ta, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ síra wọn. Nígbà tí omi mọ́ padà, ewé mẹ́rin ló kù.

Ọ̀rọ̀ dé etí Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìlú. Alàgbà Ọlátẹ́jú tó jẹ́ olórí wọn wá fúnra rẹ̀. Ó dàgbà ju Màmá lọ ní ọdún méjì, ọmọ apẹja ni, ó sì ń rìn bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti tó ọgọ́ta ọdún ó lé tó ti wọ ọ̀kan kẹ́yìn. Ó jókòó, ó mu omi, ó wo odò-ilé, ó mirí.

Ìbíyẹmí ní òun fẹ́ gbé ewé náà lọ sí Ilé Ìwádìí. Ó ní òun máa fi ọ̀bẹ gé e wẹ́wẹ́, òun á gbin èyí tó bá ṣeé gbìn sínú ìgò kọ̀ọ̀kan, bóyá ọ̀kan á yè.

“Kò ṣeé ṣe,” Alàgbà wí. “Irin kì í kan ewé èbúté. Inú rẹ̀ ni ẹja ń yé sí. Ẹni tó bá fi irin gé e, ebi ló fẹ́ fi pa ìlú. Bí àwọn bàbá wa ṣe wí nìyẹn.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹja wo? Kò sí ẹja kankan nínú odò-ilé yìí. Ìlú tí ebi ìbá pa sì ti wà lábẹ́ òkun.”

Asẹ́ nìkan ló ń dún. Òtítọ́ ni ọmọbìnrin náà sọ, ṣùgbọ́n irú òtítọ́ kan wà tí wọn kì í là mọ́ àgbà lójú, ó sì rí i lójú Alàgbà pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun.

“Ìbí,” Màmá wí.

Ìbíyẹmí kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. “Ẹ má bínú, sà.”

“Mo ti gbọ́,” Alàgbà dáhùn. “Dìde.”

Màmá ní, “Tí wọ́n bá já orí ewé, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí i gan-an?”

“Ẹ̀ka méjì ló máa yọ níbi tí wọ́n ti já a, Màmá. Tí wọ́n bá tún já méjì yẹn, á di mẹ́rin. Orí tí wọ́n já, tí a bá kì í bọ yanrìn, òun náà á ta gbòǹgbò. Bí ewé inú omi ṣe ń di igbó nìyẹn. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn, gígùn ló máa ń gùn títí á fi kú.”

Màmá wo igi ewé náà. Ó rántí ohun kan tí kò rántí láti ìgbà èwe. Àwọn ọkọ̀ tó ń gúnlẹ̀ láràárọ̀ lábẹ́ afárá, ìdí wọn ń họ orí ewé wọnnì bí wọ́n ti ń kọjá, àjẹ̀ ń já a, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ ń já a. Ìyá rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a fi èékánná já èyí tó bá wé mọ́ àjẹ̀ rẹ̀, a sì sọ ọ́ padà sómi. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún ewé yìí lókè, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, wọ́n rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé nìyẹn.

“Ọlátẹ́jú,” ó wí, “irin ni wọ́n ní a ò gbọ́dọ̀ fi kàn án. Wọn ò dárúkọ èékánná.”

Alàgbà wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. “Abọ́sẹ̀dé, o ò yí padà láti kékeré.” Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ tún rọ̀. “Ó ku oṣù mẹ́ta kí a ṣe Ìrántí Èbúté-Ọ̀sìn. Tó bá ṣì wà láàyè lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kan omi yín. Tó bá ti kú, òfin lòfin. Èmi náà ò fẹ́ ẹ, àmọ́ omi ìlú ò tó.”

Ìbíyẹmí kìlọ̀ pé wọn kò gbọ́dọ̀ já a lójú ẹsẹ̀. Kò lágbára. Ó ní kí ó kọ́kọ́ hu ewé tuntun ná.

Lọ́sẹ̀ kejì, Màmá sọ fún un pé kó má máa wá láàárọ̀ mọ́. Ó ní òun ń gbàdúrà, òun á máa ti ilẹ̀kùn, kó máa wá lọ́sàn-án nígbà tí òun bá ti ṣí i. Ìbíyẹmí gbà. Ó ń wá lọ́sàn-án, ó dín oòrùn-inú-ìgò kù sí ìdajì, ó ń kán àgbo-ewé sínú omi ní ìkán mẹ́ta mẹ́ta.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ewé tuntun kan yọ, ó kéré bí èékánná ọmọ ọwọ́, àwọ̀ rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ tó rí roboto tò jọ bí ìlẹ̀kẹ̀, ó ń já sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbíyẹmí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún. Ewéko tó bá ń mí bẹ́ẹ̀ nínú omi, ara rẹ̀ le.

Màmá ki ọwọ́ bọ omi títí dé ìgbọ̀nwọ́, ó fi èékánná méjì já orí rẹ̀, ó sì gbin orí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ẹ̀ka méjì yọ. Ó tún já wọn. Kó tó di òpin oṣù kejì, ẹ kò lè rí ẹ̀yìn odò-ilé láti iwájú mọ́. Ó ti di igbó, ewé lórí ewé, ó ṣú dùdù nísàlẹ̀, ó ń dán lókè, ó ń mì lẹ́ngẹ́lẹ́ngẹ́ bí ẹ̀rọ kékeré inú omi bá ti fẹ́ sí i.

Ìròyìn kárí ìlú. Àwọn arúgbó tó kúrò ní Èbúté-Ọ̀sìn lọ́mọdé ń wá ní méjì méjì, wọ́n wọ aṣọ tó dáa bí ẹni ń lọ kí àna. Bàbá kan tí ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ lẹ ojú mọ́ dígí, ó dúró pẹ́. Nígbà tó yá, ó ní, “Ìfẹ́-Kò-Lópin.” Orúkọ ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ni, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sí imú ọkọ̀ náà. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ.

Màmá a máa sọ̀rọ̀ ilé fún wọn. Ilé orí òpó ni tiwọn, ó ní, wọ́n fi pákó tẹ́ ẹ, àlàfo sì wà láàárín pákó àti pákó. Bí ènìyàn bá sùn sílẹ̀, yóò máa gbọ́ omi tó ń fọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ gbá òpó. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti dé òkè, oorun òun kò kún rí, nítorí pé nǹkan kan kò sí lábẹ́ òun tó ń sọ̀rọ̀. Inú àwọn tó ń gbọ́ ọ á bàjẹ́, á sì tún dùn, wọn kò ní fẹ́ kó dákẹ́.

Bó bá ti sọ̀rọ̀ díẹ̀, èémí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó. Orí ń fọ́ ọ, oorun ń kùn ún lọ́sàn-án. Bí Ìbíyẹmí bá béèrè, á ní àgbà ló dé. Ìbíyẹmí a sì gbà, nítorí ayọ̀ ti bò ó lójú. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ àgbà, ṣùgbọ́n ó yẹ kó wò ó dáadáa, èmi kò ní fi bò.

Àgbo-ewé di olókìkí. Ilé Ìwádìí kọ ìwé nípa rẹ̀, Ìgbìmọ̀ sì pinnu pé wọ́n á fún Ìbíyẹmí ní oyè lọ́jọ́ Ìrántí. Wọ́n yọ̀ǹda kí ọgbọ̀n ilé ní odò-ilé kékeré, garawa kan kan. Màmá já orí ewé fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n gba ìgò àgbo, wọ́n gba oòrùn, àwọn ọmọ sọ ewé tiwọn lórúkọ. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọgbọ̀n ilé ni nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ ti bo gbogbo dígí, ewé ń jábọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ilé Ìwádìí ní àwọn ènìyàn kò tẹ̀lé ìlànà. Ìbíyẹmí gba ilé dé ilé lọ wò ó. Wọ́n tẹ̀lé e. Ìkán mẹ́ta ni wọ́n kán, ìdajì oòrùn ni wọ́n tàn, èékánná ni wọ́n fi já a. Kí wá ni odò-ilé Màmá ní tí èyí kò ní? Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n ṣe Ìrántí. Kò lè dúró dọ̀sán, ó gba ilé Màmá lọ láàárọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n pè é.

Ó kan ilẹ̀kùn, kò sí ìdáhùn. Ó ṣí i. Afẹ́fẹ́ inú pálọ̀ wúwo, ó gbóná, ó lẹ̀ mọ́ ọn lójú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò tètè mọ ohun tó dẹ́rù bà á. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ bí ilé náà ṣe dákẹ́ tó. Asẹ́ kò dún.

Màmá jókòó ti odò-ilé, ó fi orí ti dígí, ètè rẹ̀ ti dú, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹni tó sáré dé. Lẹ́yìn dígí náà, gbogbo igbó ewé ń dán, ìlẹ̀kẹ̀ afẹ́fẹ́ ń tú jáde lára rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Kò tíì dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìbíyẹmí sáré tan asẹ́. Ó gbé ìyá rẹ̀ àgbà lé apá, ó sì yà á lẹ́nu bí ó ti fúyẹ́ tó.

Ọjọ́ kejì ni Màmá tó lè sọ̀rọ̀, ní ilé ìwòsàn. Ó ní lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn tí Alàgbà wá, asẹ́ òun bàjẹ́, ẹni tó ń tún un ṣe pẹ́ kó tó dé, ó di ọjọ́ kejì. Láàárín ìgbà náà ló rí ìlẹ̀kẹ̀ afẹ́fẹ́ kan lára ewé. Bí wọ́n ti tún asẹ́ ṣe, kò rí i mọ́.

“Mi ò kàwé, Ìbí, àmọ́ mo lójú. Mo pa á, ó padà wá. Mo tàn án, ó lọ. Ni mo bá mọ̀ pé èémí mi ló ń jẹ.”

Ìbíyẹmí bo ojú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọmọ iléèwé ni. Èémí tí à ń mí sóde ni oúnjẹ ewé, òun ló fi ń kọ́ igi, òun ló fi ń hu ẹ̀ka, bí kò bá rí i, oòrùn àti àgbo kò lè ṣe é lóore. Gbogbo asẹ́ ìlú ń sẹ́ èémí wọ inú ọ̀pá, ọ̀pá ń gbé e lọ sí oko ìlú, ìdí nìyẹn tí àgbàdo ibẹ̀ fi ń yọmọ dáadáa. Nínú ilé, kò sí ẹyọ kan tó ń ṣẹ́ kù. Ó ti kọ ọ́ nínú ìdánwò, ó sì gba máàkì tó pọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Òkè-Ìràwọ̀ ni. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé ìdọ̀tí ni èémí àlòkù, èrò pé ẹnì kan lè nílò rẹ̀ nínú pálọ̀ kò sọ sí i lọ́kàn rí.

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, Màmá?”

“Tí mo bá sọ, ṣé wàá jẹ́ kí n máa ṣe é?”

“Rárá.”

“Ṣé o rí i.”

Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Oṣù méjì ààbọ̀ nínú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ba ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró Màmá jẹ́. Ó lè pẹ́ láyé díẹ̀ sí i, inú afẹ́fẹ́ tó mọ́ tónítóní nìkan ni. Bó bá tún wọ inú èémí àlòkù, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò pa á.

Lọ́jọ́ Ìrántí, gbogbo ìlú péjọ sí gbọ̀ngàn. Wọ́n pe Ìbíyẹmí sórí pèpéle kí wọ́n fún un lóyè. Ó ní kí wọ́n dá a dúró ná. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láìfi ibì kan pamọ́: pé àgbo òun kò ṣe iṣẹ́ náà, pé èémí obìnrin kan ni gbogbo ewé tí wọ́n wọ aṣọ dáadáa lọ wò, pé asẹ́ ti ń dún nínú ilé náà báyìí, ewé sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́.

Ọkùnrin kan dìde. Ó ní bàbá òun wà lára àwọn mọ́kànlélógójì, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ pípa asẹ́ létí òun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbè é. Alàgbà Ọlátẹ́jú jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán.

“Mo gbọ́ yín,” ó wí. “Ohun tó pa wọ́n ni pé wọ́n sùn sínú rẹ̀, wọn ò sì mọ̀. Ohun tó mú Abọ́sẹ̀dé ni pé òun nìkan ló gbé e. Àwọn bàbá wa kì í dá àwọ̀n ńlá fà. Àáró ni wọ́n fi ń fà á, lónìí tèmi, lọ́la tìrẹ. Ènìyàn mẹ́fà, wákàtí kan, lẹ́yìn náà kí asẹ́ dún kí ilé mọ́, kí mẹ́fà mìíràn wọlé. Ẹnikẹ́ni ò ní lọ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Ta ló máa bẹ̀rẹ̀?”

Ẹni tó kọ́kọ́ nawọ́ ni ọkùnrin tí bàbá rẹ̀ kú.

Ó ti di oṣù kẹrin tí wọ́n ti ń ṣe é báyìí. Wọ́n fi dígí ṣe ilẹ̀kùn pálọ̀, kò sí ihò tí èémí lè gbà jáde. Lójoojúmọ́, tí ara bá gbà, Ìbíyẹmí a ti Màmá wá síbẹ̀ lórí àga oníkẹ̀kẹ́, wọ́n á dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́, wọ́n á máa wo inú ilé. Màmá kò tíì fọwọ́ kan omi náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e jáde, kò sì ní fọwọ́ kàn án mọ́. Kò ráhùn. Nígbà míràn a na ìka sí ewé tí kò dára tó, nígbà tí asẹ́ bá ti dún tí ilé sì mọ́, Ìbíyẹmí a wọlé lọ bá a já a.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn mẹ́fà tó wà nínú ilé jẹ́ obìnrin kan tó wọ búlúù àti àwọn ọmọ rẹ̀ márùn-ún. Obìnrin náà ń ju ọwọ́, ó ń fẹnu sọ̀rọ̀ ṣáá, àwọn ọmọ la ẹnu sílẹ̀ ń wò ó.

“Kí ló ń sọ fún wọn?” Màmá béèrè.

Ìbíyẹmí fi etí lé dígí. “Ọ̀rọ̀ Èbúté-Ọ̀sìn ni, Màmá. Ó ní afárá ibẹ̀ gùn tó máìlì kan. Ó ní òkúta funfun ni wọ́n fi kọ́ ọ.”

“Pákó ni,” Màmá wí. “Kò gùn ju ilé mẹ́ta lọ, ó sì ti jẹrà. Ojú ihò rẹ̀ ni mo gbà já sómi.”

“Ṣé kí n sọ fún wọn tí wọ́n bá jáde?”

Màmá wo obìnrin náà pẹ́. Ó wo àwọn ọmọ, ó wo igbó ewé tó ń mì lẹ́yìn wọn.

“Fi wọ́n sílẹ̀,” ó wí. “Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń mí.”